Labalábá àti Kòkòrò Orí Igi Ọsàn

A fẹ́ mú ọ̀ràn kan wá síwájú àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá síwájú àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọdé kan rí labalábá lórí òdòdó, inú rẹ̀ dùn, a sì kọ́ ọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ọmọ yìí rí kòkòrò lórí igi ọsàn wẹ́wẹ́, ó jù ú sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Bóyá a tilẹ̀ yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀kan tí ó sì kórìíra èkejì, a ha lè wí pé ó fẹ́ràn labalábá nítòótọ́?

Ní Mowe, ní Ìbafò àti ní Ifọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó rí ohun tí à ń wí. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò sí létí òkun gan-an, ṣùgbọ́n òjò tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé bọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn, ewéko sì ń yára hù níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú díẹ̀ lẹ́yìn òjò, labalábá a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ yúnyún wò lẹ́bàá ọ̀nà, wọn a lọ sọ́dọ̀ ẹ̀wọ̀n-adẹ́lẹ̀, wọn a sì dé orí ewé Akíntọ́lá pẹ̀lú, èyí tí àgbẹ̀ kò fẹ́ fi ojú kàn. Ẹni tí ó bá dúró jẹ́ẹ́ yóò rí i bí labalábá ti ń tú ẹnu rẹ̀ tí ó ká bí okùn, tí ó ń nà án sínú òdòdó, tí ó sì ń fa omi dídùn ibẹ̀ mu. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó a lẹ̀ mọ́ ọn lára, a sì gbé e dé orí òdòdó mìíràn, kí ewéko lè so èso. Labalábá kò mọ̀ pé òun ń ṣe iṣẹ́ yìí. Oúnjẹ ara rẹ̀ ni ó ń wá. (Bóyá iṣẹ́ rere tí olúwarẹ̀ kò mọ̀ sí ní èrè, ọ̀rọ̀ oṣù mìíràn ni ìyẹn.) Òwe wa a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò sì lè ṣe ìṣe ẹyẹ, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pe ara rẹ̀ ní ẹyẹ!

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú wọn, èyí ńlá tí ó dúdú, tí ó sì ní àmì rúsúrúsú káàkiri ìyẹ́ rẹ̀. Papilio demodocus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Orí ewé ọsàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni abo rẹ̀ ń yé ẹyin sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kòkòrò náà kéré, ó dúdú, ó sì ní funfun lára, tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Nígbà tí ó bá dàgbà, a di àwọ̀ ewé. Bí a bá fọwọ́ kàn án, a yọ ìwo rírọ̀ kan tí ó là sí méjì jáde lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn líle a sì jáde lára ìwo náà. Ewé ni ó ń jẹ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà a so ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, a dákẹ́ bí ohun tí ó ti kú, títí labalábá yóò fi jáde níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò lè jẹ ewé mọ́. Mímu nìkan ni ẹnu rẹ̀ wà fún. Òdòdó wá di ilé oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú ẹrẹ̀ àti ohun jíjẹrà ni kòkòrò ti ń wá. Obìnrin ará Jámánì kan, Maria Sibylla Merian, ti ń sin kòkòrò láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní 1679 ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì ya kòkòrò, labalábá rẹ̀, àti ewé tí ó ń jẹ, pọ̀ sí ojú ìwé kan ṣoṣo. Kí a má sì rò pé àwọn baba wa kò mọ nǹkankan nípa irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ni sányán? Ilé tí àwọn kòkòrò kan kọ́ sórí igi kí wọ́n tó di àfòpiná ni. A kó o, a sè é, a ran án ní òwú, a sì hun ún. Àgbàlagbà tí ó wọ sányán wá sí ìdúpẹ́ ìkórè, ilé kòkòrò ni ó wọ̀, ó sì ń yan nínú rẹ̀.

Ẹnìkan yóò wí pé wòlíì Jóẹ́lì ka kòkòrò ajẹwé mọ́ ogun tí ó run ilẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó gbin ọ̀gbìn ọsàn láti fi bọ́ ọmọ, tí kòkòrò mélòó kan sì lè jẹ ewé rẹ̀ tán pátá, a kò ní kí ó káwọ́ gbera máa wò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni àgbẹ̀ ọlọ́sàn? Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilé ti ń pọ̀ sí i ní Mowe àti Ìbafò; Ifọ̀ ti ní ojú irin tirẹ̀ ṣáájú kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901. Onílé titun a ṣán gbogbo igbó, a da sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀, a gbin òdòdó sínú ìkòkò níwájú ilé, a sì fín oògùn sí ohunkóhun tí ó bá ń jẹ ewé. Lẹ́yìn náà a béèrè ìdí rẹ̀ tí labalábá kò fi wá mọ́. Ó tẹ́ tábìlì de àlejò tí ó ti pa láti kékeré! Ní tiwa, a kò lè pe èyí ní ìfẹ́. Ìgbádùn ojú ara rẹ̀ ni olúwarẹ̀ fẹ́ràn, labalábá kàn ń bá a ṣe iṣẹ́ náà ni.

Olùkọ́ yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Gbogbo wa ni a ń pàtẹ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó padà wá pẹ̀lú agbádá. Ta ni ó fara dà á nígbà tí kò mọ̀ ju kí ó máa ya ìwé, kí ó sì máa jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn? A mọ̀ dájú pé ọmọ ènìyàn ju kòkòrò lọ, a kò sì fi wọ́n wé ara wọn. Ojú tí a fi ń wò wọ́n ni a ń sọ.

Igi ọsàn tí ó ti dàgbà a tún rú ewé mìíràn lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fín oògùn sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gbìn kékeré ni kòkòrò wà lórí rẹ̀, kí ọmọ já ewé náà pẹ̀lú kòkòrò, kí ó sì gbé e lọ sórí igi ọsàn ńlá ẹ̀yìn ilé. Yóò gbọ́ òórùn ìwo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi àti ọṣẹ yóò fọ̀ ọ́ kúrò.