Ṣé Ẹni Tí Ó Dáríjì Gbọ́dọ̀ Gbàgbé?

Nígbàkúgbà tí a bá ń gbàdúrà ní kíláàsì fún àwọn tí a pa nítorí ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ kan máa ń dìde láàárín wa. Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàgbé, Olúwa ní kí a dáríjì." Àwọn mìíràn á ní àwọn kò ní gbàgbé láéláé, àwọn kò sì ní kí aládùúgbò tí ó jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn mọ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ìsìn ń parí lọ ní ilé ìjọsìn Francis Xavier Mímọ́, ti ìjọ Àgùdà ní Ọ̀wọ̀, nígbà tí àwọn agbébọn dé. Wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju àdó olóró. Nǹkan bí 40 ènìyàn ni ó kú. Ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 2023, àwọn ará ìjọ náà padà sínú ilé kan náà láti sin Ọlọ́run. Ìwàásù nípa ìṣòótọ́ ni èyí jẹ́ fún gbogbo wa.

Kí ni kí a wí fún ìyá tí ó sin ọmọ rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀? Bí a bá ní kí ó gbàgbé, ṣe ni a tún ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wo Stéfánù. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní òkúta, ó bẹ Ọlọ́run fún àwọn tí ń pa á. Síbẹ̀ àwọn olùfọkànsìn sin òkú rẹ̀, wọ́n sì sunkún gidigidi lórí rẹ̀. A kọ orúkọ rẹ̀ sínú Ìwé Mímọ́. Sọ́ọ̀lù tí ó ṣọ́ aṣọ àwọn apànìyàn náà rí ìdáríjì gbà, síbẹ̀ òun pàápàá kò gbàgbé. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n bí Ananíà bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí kò pè é ní arákùnrin, níbo ni à bá ti rí Pọ́ọ̀lù?

Nítòsí wa náà, a rí ẹ̀kọ́ kan. Ìhìnrere tí Thomas Birch Freeman wàásù lábẹ́ igi Àgíà ní Àgbádárìgì níbí ní ọdún 1842, òun kan náà ni ó gbé lọ sí Abẹ́òkúta ní ìparí ọdún náà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1867, inúnibíni bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀: wọ́n kó ilé ìjọsìn, wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì, ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́tta. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é. Ará ilé ni ó ṣe é. Lónìí, ilé ìjọsìn kún Abẹ́òkúta. Bí àwọn tí a ni lára bá ti fi ìkórìíra tọ́ ọmọ wọn, ta ni ìbá tún wàásù fún ìlú náà?

Èrò wa nìyí: kí a di orúkọ àwọn tí ó lọ mú, kí a sì jọ̀wọ́ ìkórìíra. Ìdáríjì kò dí ẹjọ́ òdodo lọ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀; ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà kí òtítọ́ hàn. Ṣùgbọ́n ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìyá Alájà tí ó bá wa dáná nígbà ìsìnkú kò yìnbọn sí ẹnikẹ́ni.

Ní gbogbo ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ẹ jẹ́ kí a dìde dúró ní kíláàsì, kí a dákẹ́ díẹ̀, kí a gbàdúrà fún àwọn ìyá Ọ̀wọ̀. Bí a bá ń lọ sílé, kí a yà kí aládùúgbò wa. Olúwa yóò fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe méjèèjì. Àmín.