Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Wọ́n Ba Ohun Ọ̀wọ́n Rẹ̀ Jẹ́

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni ohun gbogbo tí a ń pè ní tiwa. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di Ọjọ́ Ẹ̀san. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ fún ara mi kí n tó sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin ìjọ mi, ìbéèrè kan ni mo gbé wá sórí mínbárì lónìí. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì ba ohun tí o fẹ́ràn jẹ́, kí ni ó jẹ ọ́? Ṣé iye tí ọjà dá lé ohun náà ni, tàbí iye tí ọkàn rẹ dá lé e? Inú ìwé nìkan kọ́ ni mo ti mú ìbéèrè yìí wá. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, púpọ̀ nínú yín sì mọ ọkọ̀ tí mo ń sọ.

Bàbá mi, kí Ọlọ́hun fi àánú bò ó, fi ọkọ̀ Peugeot 504 kan sílẹ̀ fún mi. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú rẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún yẹn kan náà ni 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà. Ìbátan rẹ̀ onílẹ̀kùn méjì sì tún gbà á ní 1978. Àwọn àgbà wa tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà mọ iyì rẹ̀. Ti bàbá mi ti gbé ìyàwó, ó ti gbé aláboyún lọ sí Ìkìrun lóru, ó sì ti gbé òkú àwọn tí a kírun sí lára ní mọ́ṣáláṣí yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo ń gun òkè kan lójú ọ̀nà Ìgbájọ. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà kan tí ó di kẹ́ẹ̀gì epo pupa mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Bíréèkì rẹ̀ kò mú. Ó kọlu iwájú ọkọ̀ mi ní ọwọ́ òsì: iná iwájú fọ́, fẹ́ńdà kákò, bónẹ́ẹ̀tì gbé sókè, rédíétọ̀ lu, epo pupa sì bo gbogbo rẹ̀. Èmi bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Lèmọ́mù yín: “O ti ba ọkọ̀ bàbá mi jẹ́!” Ọmọ náà ṣì wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà ni ó sáré gbé e dìde, tí ó sì bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé o lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀?” Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde ni ìyá náà bi í.

Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti òwúrọ̀. Ladánì ti pe ìpè tán kí n tó rántí pé èmi ni ìjọ ń dúró dè. Ìtàn Ànábì Sulaimọ́nà tí ó wà nínú Sura Sọ́ọ̀dì ni ó wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n kó àwọn ẹṣin àtàtà wá síwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wò wọ́n títí oòrùn fi wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onítúmọ̀ Kùránì sì sọ pé ìrun bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ànábì ni, ẹṣin tirẹ̀ sì wà fún ogun ojú-ọ̀nà Ọlọ́hun. Kí wá ni ti èmi tí mo jókòó ti fẹ́ńdà?

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ràn ohun ìní rẹ̀. Ànábì wa fẹ́ràn òkè Uhudu, ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Ó ní abo ràkúnmí kan tí wọ́n ń pè ní Adba, èyí tí kò sí ràkúnmí tí ó lè sáré kọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ará oko kan gun ọ̀dọ́ ràkúnmí tirẹ̀ dé, ó sì sáré kọjá Adba. Ó dun àwọn sàhábé gidigidi. Ànábì kò bú ará oko náà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá àwọn sàhábé jà pé ó dùn wọ́n. Ohun tí ó fi yé wọn ni pé kò sí ohun kan láyé tí ó ga tí Ọlọ́hun kì yóò rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó borí ní Kẹ́ńyà ni kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ìfẹ́ kò léèwọ̀. Gbígbàgbé pé ohun ayé kì í wà títí ni ó léwu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ń bẹ. Ẹni tí ó bá ṣàṣìṣe, Ọlọ́hun lè mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò, síbẹ̀ gbèsè rẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i ní ilé ìyàwó mìíràn. Onílé gbá ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wá, àwo náà sì bọ́, ó fọ́. Ànábì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èéfọ́ àwo náà, ó kó oúnjẹ jọ sínú rẹ̀, ó sì rọra yanjú ìbínú àwọn tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gba àwo tí ó pé pérépéré láti ilé onílé náà, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí a fọ́ tirẹ̀. Èyí tí ó fọ́ dúró sí ilé tí ó ti fọ́. Àánú wà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀kan kò lé èkejì jáde.

Báwo ni ẹ̀tọ́ náà ṣe pọ̀ tó? Mẹkáníìkì sọ fún mi pé ohun tí a ó ná sí ọkọ̀ yìí kí ó tó padà sí bí ó ti rí ju iye tí ọjà yóò san lé e lọ. Àwọn onímọ̀ ojú-ọ̀nà Imam Malik, tí àwa níhìn-ín ń tọ̀, ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá gé ìrù ìbaaka tí adájọ́ ń gùn, adájọ́ lè fi ìbaaka náà sílẹ̀ fún un, kí ó sì gba iye rẹ̀ lódindi. Ìbaaka aláìnírù ṣì lè ru ẹrù, ṣùgbọ́n ẹni iyì kò ní í gùn ún mọ́. Bí ó bá jẹ́ ìbaaka aláàárù ni, iye tí ó dín lára rẹ̀ nìkan ni ẹni tí ó gé ìrù rẹ̀ yóò san.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí wò. Kò wo ọjà nìkan, kò sì wo omijé olówó ìbaaka. Ìlò tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ohun náà wà fún ni ó wò. Nítorí náà, ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí lè jẹ́rìí sí, mo lè béèrè rẹ̀: iná tí ó fọ́, rédíétọ̀ tí ó lu, irin tí ó ká. Ohùn bàbá mi tí mò ń gbọ́ nígbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kò sí ẹlẹ́rìí rẹ̀ bí kò ṣe èmi àti Ọlọ́hun. N kò lè kọ owó rẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ẹlẹ́rù ni í gbé ẹrù rẹ̀ níbi tí ó wúwo.

Èmi kò kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà ta ọ̀kadà rẹ̀. Àgbà kan nínú ìjọ wa ni ó bi mí pé, “Lèmọ́mù wa, nígbà tí àgùntàn jẹ oko olóko lóru, kí ni ìdájọ́ tí Sulaimọ́nà dá?” Ẹ̀yin náà mọ ìtàn náà. Ànábì Dáúdà ti fẹ́ kí olóko gba agbo àgùntàn náà pátápátá. Sulaimọ́nà, tí Ọlọ́hun fún ní òye ọ̀rọ̀ náà, ní kí olóko máa jàǹfààní wàrà àti irun àgùntàn, kí alágùntàn sì máa ro oko náà títí yóò fi rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà kí oníkálukú gba tirẹ̀ padà. Ní ìdájọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan pàdánù ohun tí ó fi ń jẹun. Ní ìdájọ́ kejì, oko sàn, kò sì sí ẹni tí ó di alágbe.

Ohun tí a ṣe nìyí. Ọmọ náà ń san owó iná iwájú àti rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní iye tọ́kùnbọ̀, nítorí tọ́kùnbọ̀ ni ó wà lára ọkọ̀ náà. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ panẹ́bítà láti fi sáńpépà ha ara ọkọ̀. Fẹ́ńdà tí mo fẹ́ kí ó jẹ́ ti Kàdúná gan-an, èmi ni mo ránni lọ wá a ní Ládìpọ̀ ní Èkó, èmi ni mo sì san án. Ọ̀dà tuntun náà, ti èmi ni. Ìfẹ́ mi ni mo fi owó mi rà.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹnì kan kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun yóò fi pọ́tì dí ojú irin tí ó ti dípẹtà, òun yóò kùn ún, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀. Ànábì wa ti ọwọ́ bọ inú òkìtì ọkà kan lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan èyí tí ó tutù nísàlẹ̀. Ó béèrè ìdí tí ọlọ́jà kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì ní ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun. Irin tí ó jẹrà lábẹ́ ọ̀dà dídán, ọkà tútù ni. Ẹ sọ fún oníbàárà yín kí ẹ tó kùn ún.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ó ku ohun kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Òfin orílẹ̀-èdè wa kàn án nípá fún ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ láti ní ìwé tí yóò san ohun ìní ẹlòmíràn tí ó bá bàjẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n sọ owó rẹ̀ di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ẹni lọ́dún, ohun tí wọ́n sì lè san lórí ohun ìní tí ó bàjẹ́ nígbà náà dé mílíọ̀nù 3 náírà. Nígbà tí mo ń pariwo ẹ̀tọ́ mi, mo ṣí àpótí ọkọ̀ wò: ìwé tèmi ti kọjá àkókò. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo kọlu ọmọ náà, kí ni n bá fi san án? Ẹni tí yóò béèrè ẹ̀tọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo èyí tí ó wà lọ́rùn tirẹ̀. Kí ẹ sì yẹ bíréèkì yín wò; ọmọ ẹlòmíràn wà lójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ náà ti ń lọ. Àpá kékeré kan ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú tí panẹ́bítà fẹ́ bá mi pa rẹ́. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Bí mo bá rí i, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni mo ń rántí, mo sì ń béèrè àlàáfíà rẹ̀.

Ọlọ́hun, forí jin àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n ti lọ. Ọlọ́hun, ṣọ́ àwọn ọmọ wa lójú pópó. Má ṣe jẹ́ kí ohun ìní wa ní wa. Fún wa ní ọkàn tí ó ń kọ́kọ́ béèrè ènìyàn kí ó tó béèrè ẹrù. Fún Ọ̀tan Ayégbajú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Nàìjíríà ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ rántí Ọlọ́hun, yóò rántí yín. Ẹ dìde fún ìrun.