Ǹjẹ́ Ìfẹ́ Lè Ba Ohun Tí A Fẹ́ràn Jẹ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti kí arẹwà tán, ǹjẹ́ ẹsẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí ni àbàtà Oze ní ilẹ̀ Japan gbé ka iwájú wa.

Àárín òkè ni àbàtà náà wà, ó ga tó nǹkan bí mítà 1,400 ju òkun lọ. Bí yìnyín bá yọ́ ní ìparí oṣù Karùn-ún, òdòdó funfun a bo etí omi, òjìji òkè a sì hàn nínú àwọn adágún kéékèèké bí ojú ẹni nínú dígí.

Ohun tí àlejò kì í tètè rí ni bí ilẹ̀ náà ṣe di ilẹ̀. Koríko tó bá kú sínú omi tútù yìí kì í jẹrà tán. Ti ọdún yìí a gun orí ti èṣí, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi kún un lọ́dún kò tó mìlímítà kan. Ilẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 péré, iṣẹ́ ohun tó lé ní 100 ọdún ni.

Ní 1949, orin kan tí rédíò gbé jáde sọ Oze di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Kò sí ọ̀tá nínú wọn; ìfẹ́ ló gbé wọn lọ. Síbẹ̀, wọ́n tẹ Ayamedaira, òkè tó wà lẹ́bàá àbàtà náà, títí ewéko fi tán lórí rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń sapá láti mú un bọ̀ sípò.

Ẹnìkan lè wí pé kí a kúkú ti ibẹ̀ pa. N kò fara mọ́ ọn. Ní 1971, nígbà tí wọ́n ń la títì ọkọ̀ bọ̀ níbẹ̀, Hirano, tó ń bójú tó ilé àlejò kan létí adágún Oze, tọ olórí àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká lọ, ó bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Kí ọdún náà tó parí, Hirano kú sínú yìnyín lójú ọ̀nà òkè náà. Ẹni tí kò bá fojú rí ohun kan rí, kí ni yóò mú un jà fún un tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, kì í ṣe lílọ ni ẹ̀ṣẹ̀, àìkóra-ẹni-níjàánu ni. Lónìí, orí ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi pákó tẹ́ ni àlejò ń rìn. Láti 1972 sì ni a ti ń rọ olúkúlùkù pé kí ó di ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sílé. Pákó náà kò dí ojú lọ́wọ́. Kí ojú jẹ àjẹyó, kí ẹsẹ̀ sì gba ààwẹ̀: ìfẹ́ tó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn.