Ibi Tí O Ní O Máa Wà

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín lẹ́bùn eré ìdárayá ni mò ń bá wí lónìí, àti ẹ̀yin ọmọ náà tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn, tẹ́ ẹ ń wo aago nítorí bọ́ọ̀lù ọ̀sán. (Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní pẹ́.)

Ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní, orí 9, láti ẹsẹ 24. Àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí mọ eré ìje dáadáa. Ìtòsí ìlú wọn ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Isthmia ní ọdún méjì méjì. Ohun tó ń ba Pọ́ọ̀lù lẹ́rù níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tóun ti wàásù fáwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n má lọ yọ òun alára kúrò. Pọ́ọ̀lù o!

Ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù Keje 2022, ní Eugene, Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà tí wọ́n ń fo igi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó di 2023, wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára rẹ̀. Eléré tó bá dé ipò yẹn gbọ́dọ̀ kọ ibi tóun máa wà fún wákàtí kan sílẹ̀, lójoojúmọ́, kí àwọn tó ń yẹ oògùn wò lè bá a níbẹ̀. Bí ìkùnà bá pé mẹ́ta láàárín oṣù 12, ẹjọ́ dé. Wọ́n dá a láre ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé náà dá a láre ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tó lè dá obìnrin tó yára jù láyé nínú eré yẹn dúró: aago àti àdírẹ́sì.

Ta ló ń kọ́ ọmọ yín ní ìyẹn? Ìyá ló ń fọ jẹ́sì, bàbá ló ń gbé báàgì. Bí ọmọ bá pẹ́, ìyá á pe kóòṣì: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, gosiló ló dá wa dúró.” Ọmọ ọ̀hún ṣì wà nílé, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bá yín nìyẹn.

Bó bá wá pàdánù ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àwa ni ọmọ náà ń wò. Tí a bá ti ń bú rẹfirí, ó ti gbẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Amusan ṣe ipò kẹrin nínú Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021, ipò kẹfà nínú ìdíje àgbáyé ní Budapest ní 2023, kò sì dé àṣekágbá nínú Òlíńpíìkì Paris ní 2024. Ní 2025, ó padà sí Tokyo yẹn kan náà, ó gba fàdákà àgbáyé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sunkún, ẹ fún un lóúnjẹ. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ bi í pé, “Kí lo rí níbẹ̀?” Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn ọmọ wa ní ìdíje ní Sátidé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má pe kóòṣì o. Ọmọ tó bá pẹ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá a, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo pẹ́.” Bí kóòṣì bá sì ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ jẹ́ kó jókòó.