Ìbò àti Ìgbéyàwó

Bí ìlú bá dìbò lórí ìgbéyàwó, kí ni ìbò náà yí padà?

Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2015, wọ́n dìbò ní Ireland, ilẹ̀ tí Kátólíìkì pọ̀ sí gidigidi, bóyá ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì lè ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin. Nínú 100 olùdìbò, bí 62 ni ó gbà. Títí di ọdún 1993, ọ̀ràn ni ìbálòpọ̀ ọkùnrin méjì jẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ yìí lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì ń sọ ìtàn ayé ara wọn.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò gbà, nítorí Ìjọ kọ́ni pé láàárín ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó wà. Òfin ìjọba ni ìbò náà yí padà. Ẹ̀kọ́ Ìjọ nípa Sákírámẹ́ǹtì dúró bí ó ti wà. Síbẹ̀ Mary McAleese, ààrẹ ibẹ̀ nígbà kan rí, tí òun náà jẹ́ Kátólíìkì, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn, ti ìbò náà lẹ́yìn ní gbangba. N kò lè fi ojú kékeré wo ọkàn ìyá bẹ́ẹ̀.

Katikísímù ti ọdún 1992, tí ó fi ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó yìí lélẹ̀, sọ ní nọ́ńbà 2358 pé kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, kí a má sì rẹ́ wọn jẹ. Ẹni tí ó bá lé ọmọ rẹ̀ jáde nílé nítorí èyí, tí ó sì ní Ìjọ ni ó rán òun, Ìjọ kò rán an.