“Bí Mo Ṣe Rí I Gbà Ni”: Ìròyìn Orí Fóònù àti Ojúṣe Wa



Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa tí a ní fóònù ti bá pàdé. Ìsàlẹ̀ ìròyìn orí WhatsApp ni ó máa ń wà: “Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́.” Ìròyìn náà lè jẹ́ pé ìjọba fẹ́ pín owó fún àwọn opó, tàbí pé olóṣèlú kan ti kú, tàbí pé àwọn agbébọn ti wọ ìlú kan. Ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ kò mọ ẹni tí ó kọ ọ́, kò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé bí ọ̀rọ̀ náà bá di irọ́, ọwọ́ òun mọ́.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀wò nìyí: ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lóòótọ́? Ẹni tí kò pa irọ́, ṣùgbọ́n tí ó gbé irọ́ dé ilé ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi?

Àwọn kan yóò dáhùn pé òjíṣẹ́ kì í jẹ̀bi. Wọn yóò ní awakọ̀ tí a fún ní lẹ́tà láti Èrúwà dé Ìbàdàn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò tú lẹ́tà wò. Àwa ti ka tiwa, a ti gbọ́ ohun tí ó sọ, a sì ti fi ọwọ́ ara wa yan àwọn tí a fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbà sì ti kọ́ wa pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òjíṣẹ́ rere a máa lo làákàyè. Kì í já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe dì í rù ú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹlòmíràn rán, mélòó mélòó ni àwa tí ẹnikẹ́ni kò rán, tí a rán ara wa?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú Ìbàràpá rí ní ọdún 2021. Àwọn ènìyàn wa ti ń ké tipẹ́ pé màlúù ń jẹ oko àwọn, pé ajínigbé ń da àwọn láàmú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Sunday Adeyemo, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sunday Igboho, wá sí Ìgàngàn, ó sì fún olórí àwọn Fúlàní ibẹ̀ ní ọjọ́ 7 láti kó jáde. Fídíò ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri láàárín wákàtí díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ní ọjọ́ 22 oṣù náà, wọ́n sun ilé àti ọkọ̀ olórí Fúlàní náà. Ní oṣù kẹfà, ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn. Wọ́n pa ènìyàn tí kò dín ní 11, wọ́n sì dáná sun apá kan ààfin Aṣígàngàn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo. Bí kì í bá ṣe ti fóònù, igbe Ìgàngàn ì bá má dé ibi tí ó dé. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà rí i lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì bá wa ké. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ tí kò ní baba ń gbà wọlé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí a bá fi ránṣẹ́ pé wọ́n ti rí àwọn apànìyàn lọ́nà Tápà, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ á sá fi oko sílẹ̀ lásìkò ìkórè. Ó tilẹ̀ lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn ọ̀dọ́ lè dìde sí ẹni tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Obìnrin Fúlàní tí ń ta wàrà, tí a bí sí ilẹ̀ wa, tí ó ń sọ Yorùbá bí tiwa, lè di ọ̀tá ní ìrọ̀lẹ́ kan nítorí ohùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó ni ín. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ta sílẹ̀, ta ni yóò lè sọ pé “bí mo ṣe rí i gbà ni”?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ìfẹ́ ni ó mú òun ṣe é, pé òun kò fẹ́ kí ibi ká ará òun mọ́lé. A gbà pé ọ̀pọ̀ wa ń ṣe é pẹ̀lú ọkàn rere. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ìròyìn kan tàn kálẹ̀ lóru pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àwọn ìyá jí ọmọ, àwọn ọmọ pe ìyá, ìfẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó yá, a gbọ́ pé ó kéré tán ènìyàn 2 ti kú nípa omi iyọ̀ ní Nàìjíríà, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì kìlọ̀ pé irọ́ ni. Ìfẹ́ tí kò bá wádìí lè gbé májèlé fún ẹni tí ó fẹ́ràn.

Àwa tí a fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun mọ ohun kan. Kí a tó wọ kíláàsì, a gbọ́dọ̀ kọ ìwé ètò ẹ̀kọ́, ọ̀gá ilé-ìwé a sì fi bírò pupa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé wọn kò fọkàn tán wa. Ohun tí ó fà á ni pé ọmọ a máa gba ohun tí olùkọ́ bá sọ gbọ́, kì í sì í tètè kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìròyìn ṣọwọ́ sí 50 obìnrin ti sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ wọn. Níbo ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò?

Ṣé kí a wá pa fóònù tì ni? Rárá o. Kíláàsì rere lè wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí Ìdèrè. Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé sọ̀bìà, tí ó ń dá àgbẹ̀ dúró nílé lásìkò iṣẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè rìn dé ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ètò ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn dé, wọn kò kàn sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa lọ. Àwọn ará ìlú yan ènìyàn láàárín ara wọn, a kọ́ wọn, wọ́n sì padà lọ kọ́ àwọn ará ilé wọn pé inú omi adágún ni sọ̀bìà ti ń wọ ara, àti pé kí a máa fi aṣọ sẹ́ omi kí a tó mu ún. Ẹni tí kò gbà lè bi wọ́n léèrè, nítorí a mọ ilé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wọlé. Ọdún 2008 ni a rí aláìsàn sọ̀bìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, WHO jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ òṣèlú rí lórí fóònù: ẹni tí a mọ̀ ni kí ó kọ́ni, kí a sì lè bi í léèrè. Ní ìdìbò ọdún 2023, àjọ INEC ní kí a ya àwòrán ìwé èsì ìbò ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí a gbé e sí ojú ewé kan tí wọ́n pè ní IReV, kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Òótọ́ ni pé èsì ìbò ààrẹ kò tètè jáde níbẹ̀, ó sì bí ọ̀pọ̀ nínú. Síbẹ̀, obìnrin tí ó dìbò ní Ayétẹ̀ lè fi àwòrán náà wé èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lójú rẹ̀. Bákan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó sàn kí a jọ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, kí a sì béèrè ní Èrúwà, ní Igbó-Ọrà àti ní Ayétẹ̀ ohun tí a ń fi owó náà ṣe, ju kí a máa pín èébú àwọn olóṣèlú kiri?

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp. Èkíní, kí a tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí a béèrè: ta ni ó sọ ọ́, níbo, ní ọjọ́ wo? Bí ọfà méjì bá wà lórí rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, kì í ṣe pé ó jẹ́ òótọ́. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ewu, kí a pe ẹni tí a mọ̀ ní ìlú náà kí a tó pariwo. Ẹni tí ó bá sì rí i fúnra rẹ̀, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sọ ibi tí ó wà, aago tí ó rí i àti ohun tí ó rí. Ẹlẹ́rìí nìyẹn, ìkìlọ̀ rẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí là. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀rọ̀ bá di irọ́, ibi tí a gbé e dé gan-an ni kí a padà sí láti tún un ṣe. Kí a má kàn pa á rẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Òfin kẹsàn-án tí a ti mọ̀ láti ìgbà èwe kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ dá irọ́ sílẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni ó ń sọ, ẹni tí ó bá sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ níwájú aládùúgbò rẹ̀, ẹlẹ́rìí ni, bí ó fẹ́, bí ó kọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti mọ èyí tí ó yẹ kí a dì mú àti èyí tí ó yẹ kí a fi ránṣẹ́. Àmín.