Ìbòrí àti Àṣẹ: Kébù Tẹligíráàfù Lójú Ẹ̀sìn Yorùbá

Kébù tẹligíráàfù ni okùn oníwáyà tí ayé fi ń ránṣẹ́ nípa iná mànàmáná kí tẹlifóònù àti rédíò tó dé. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní títẹ wáyà. Ohun méjì ló ṣe pàtàkì nínú rẹ̀: bàbà tí iná ń gbà kọjá, àti ìbòrí tí kì í jẹ́ kí iná jò dànù lójú ọ̀nà. Bàbà kò fìyà jẹ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe kébù. Ìbòrí ló lé oorun lójú wọn fún bí ogún ọdún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ yìí ti kan ìbéèrè kan tó ti wà nínú ẹ̀sìn Yorùbá tipẹ́: bí a bá da nǹkan bo agbára, ṣé a dín in kù ni, àbí ìgbà tí a bò ó gan-an ló tó lè jíṣẹ́? Òṣogbo àti Iléṣà ní ìdáhùn sí i, ti ìlú kan kò sì jọ ti ìkejì.

Iná mànàmáná kì í gba ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni bá là fún un bí kò bá rí ohun tó dá a dúró sójú ọ̀nà náà. Ibi tó bá ti rọrùn fún un láti wọlẹ̀ ló ń gbà, ilẹ̀ tútù àti omi iyọ̀ sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn púpọ̀. Ní 1837, William Cooke àti Charles Wheatstone na wáyà láàárín Euston àti Camden Town ní London. Wáyà márùn-ún ni ẹ̀rọ wọn ń lò, wọ́n sì tẹ́ wọn sínú igi tí wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà sí lára. Nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti Paddington dé West Drayton, òwú ni wọ́n fi wé wáyà kí wọ́n tó tì í bọ inú páìpù irin. Bí òwú bá gbẹ, kò sí wàhálà. Bí ọ̀rinrin bá ti ráyè wọ páìpù, òwú tó yẹ kó dí ọ̀nà mọ́ iná á wá di ọ̀nà fún un, ọ̀rọ̀ wáyà kan á sì máa bọ́ sínú ti èkejì. Ní 1843, wọ́n gbé wáyà kúrò nílẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó. Lórí òpó, afẹ́fẹ́ ni ìbòrí wáyà. Ibi tó ti fara kan òpó nìkan ni wọ́n ń fi ife kékeré alámọ̀ sí. Ṣùgbọ́n òpó kò ṣeé rì mọ́ inú òkun.

Oje igi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Igi kan wà ní ilẹ̀ Malaya tí oje rẹ̀ ń jẹ́ gutta-percha. Dókítà William Montgomerie fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí London ní 1843. Nínú omi gbígbóná, gutta-percha á rọ̀ bí iyán. Bó bá tutù, á le, omi òkun kò sì ní rí i jẹ. Àwọn tó kọ́kọ́ fi bo wáyà ń gé e ní pẹlẹbẹ, wọ́n ń pa á dé lórí wáyà, ojú ibi tí etí méjèèjì ti pàdé a sì máa là. Ní 1847, Werner Siemens ará Jámánì ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ oje gbígbóná náà mọ́ wáyà lára yí ká, tí kò fi ní ojú rírán kankan.

Ní August 1850, Jacob àti John Brett na wáyà bàbà kan ṣoṣo láti Dover lọ sí etíkun France, gutta-percha nìkan ló bò ó. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà wáyà dákẹ́. Ìtàn tí wọ́n sọ ni pé àwọ̀n apẹja kan ló hú u, apẹja náà rò pé koríko òkun ni, ó sì gé e. Ti 1851 yàtọ̀. Wáyà bàbà mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ gutta-percha fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ihò tó bá ṣẹ́kù lára ìpele kìíní lè dí nígbà tí ìkejì bá dé orí rẹ̀. Wọ́n lọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n fi okùn tí wọ́n rẹ nínú ọ̀dà dí àlàfo àárín wọn, wọ́n tún fi wé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n fi wáyà irin nínípọn mẹ́wàá yí i po. Máìlì kan rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù méje. Bàbà tó ń jíṣẹ́ kò ju ìwọ̀nba kékeré lọ nínú ìwúwo yìí. Ìbòrí àti ààbò ni gbogbo ìyókù. Kébù náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wáyà mẹ́rin wọ̀nyí kò kàn wà lábẹ́ ìbòrí kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ kí gbogbo wọn tó jọ ní ọ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wáyà mẹ́rin á di ẹyọ kan, iṣẹ́ mẹ́rin á sì di ariwo. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú ìsìn òrìṣà. Nínú agbo ilé kan, ojúbọ Èṣù lè wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ti Ọbàtálá wà nínú yàrá. Epo ni ti Èṣù, àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Ọbàtálá kì í jẹ iyọ̀, kì í sì í mu ẹmu. Ẹni tó bá wo èèwọ̀ lóréfèé á kà á sí ìdínà lásán. Èèwọ̀ yìí kan náà ló jẹ́ kí òrìṣà méjì lè gbé ilé kan láìdarú mọ́ ara wọn, tí ẹbọ tí wọ́n rú sí ọ̀kan kò fi ṣìnà dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Kébù tí wọ́n nà láti Ireland sí Newfoundland ní 1858 tún fi ohun mìíràn hàn. Ìkíni tí Ọbabìnrin Victoria fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ James Buchanan kò tó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó gba wákàtí 16 kó tó dé. Wildman Whitehouse, tó ń bójú tó iná rẹ̀, gbà pé agbára ni kò tó, ó sì ń rọ iná tó tó bí 2,000 fóòtì sínú kébù tí ìbòrí rẹ̀ ti ní àbùkù. Kò pé oṣù kan tí kébù fi kú pátápátá. William Thomson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gba ọ̀nà mìíràn: iná díẹ̀, bàbà tó mọ́, ìbòrí tó nípọn, àti ẹ̀rọ tó lè mọ àmì kékeré. Kébù tí wọ́n nà ní 1866 dé òdìkejì, ó sì dúró. Ipá kò rọ́pò ìbòrí. Ẹ̀sìn Yorùbá náà ya ipá sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ. Ẹni tó ń pàṣẹ lè má pariwo rárá. Àkókò tó fi sọ̀rọ̀, ohun tó tọ́ sẹ́nu kó tó sọ ọ́, àti ohun tó ti kọ̀ láti jẹ tàbí láti ṣe látẹ̀yìn wá ló ń mú kí ọ̀rọ̀ náà mú.

Kébù inú òkun dé Èkó ní 1886 láti ọwọ́ African Direct Telegraph Company. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí Ogun Kírìjì, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ń bá Ìbàdàn jà. Gómìnà Alfred Moloney lè bá London sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ṣùgbọ́n kò sí wáyà tó dé ojú ogun. Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ibùdó kan dé èkejì. Láàárín àwọn ọba àti balógun fúnra wọn, àrokò wà: owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n sì dì. Ẹni tó ń gbé e lè má mọ ohun tó wí, àìmọ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ náà. Níhìn-ín ni ọ̀nà méjèèjì ti yà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni àrokò ń bò, ojú gbogbo ayé sì lè rí ẹni tó gbé e lọ. Agbára tó gbé ọ̀rọ̀ ni kébù ń bò, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó ń tẹ wáyà ti ka ọ̀rọ̀ náà tán kó tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, wáyà rélùwéè bá a dé lórí òpó, aráàlú sì ní láti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fi wáyà sọ, ẹnì kẹta ti gbọ́ ọ.

Ta ló ni agbára inú wáyà? Ìdáhùn tó yá àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni Ṣàngó. Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ni wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú olú-iléeṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, Èkó, ní 1964. Ní Òṣogbo, ní 1963, Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Òṣogbo yìí náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ìjọba jákèjádò Nàìjíríà wà lónìí. Iléṣà ní tirẹ̀ lè sọ pé Ògún ló ni ín, nítorí irin àti bàbà ni, nígbà Ìwúdè Ògún ni Ọ̀wá, ọba Iléṣà, sì ń jáde bọ òrìṣà onírin. Àwọn ìdáhùn wọ̀nyí sọ ẹni tó ni iná àti ẹni tó ni irin, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fọwọ́ kan ìbòrí.

Ìtàn Ṣàngó fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, Ṣàngó ní oògùn tó ń fa mànàmáná. Ó dán an wò lórí òkè kan, àrá sì já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó pa àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Agbára náà jẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ohun tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní ojúbọ Ṣàngó, ẹdùn àrá kì í wà nílẹ̀ lásán. Inú ọpọ́n igi ló ń wà, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibí yìí sọ pé àwọn baba ńlá mọ bí iná ṣe ń rìn nínú bàbà. Ohun tí wọ́n mọ̀ jẹ́ ti ìwà: agbára tí kò ní ààlà, ilé ẹni tó ni ín ló kọ́kọ́ ń jó.

Ìdáhùn Òṣogbo hàn gbangba nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ní oṣù August. Arugbá, wúńdíá láti ìdílé ọba, máa ń gbé igbá ẹbọ láti ààfin Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, lọ sí etí odò. Aṣọ bo igbá náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wo ọmọbìnrin náà, àwọn àdúrà wọn ń bá a lọ, kò sí ẹni tó rí ohun tó wà nínú igbá. Òun náà kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ kọsẹ̀. Ìpele ìbòrí mẹ́ta ló wà níbẹ̀: aṣọ lórí igbá, ìdákẹ́jẹ́ lẹ́nu, àti ipò wúńdíá tó mú kí wọ́n yàn án. Bí wọ́n bá ṣí igbá náà, kò sí agbára tó máa pọ̀ sí i. Iṣẹ́ tí ìlú rán sí odò ló máa já.

Iléṣà dáhùn lódìkejì. Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé Ọ̀wá Obòkun ni ọmọ tó lọ bu omi òkun wá fún ojú Odùduwà. Wọ́n ní ó fi idà gé ìlẹ̀kẹ̀ ìbòjú kúrò lára adé bàbá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí adé tirẹ̀ kò fi gbọdọ̀ ní ìbòjú. Ọba tí ojú rẹ̀ hàn! Ó jọ pé ìtàn yìí tako Òṣogbo. Ṣùgbọ́n Ọ̀wá kì í dá pàṣẹ. Ọbaálá, Ọ̀gbọ́ni, Risàwẹ́ àti àwọn àgbà yòókù wà láàárín òun àti ìlú, ìmọ̀ràn wọn àti èèwọ̀ oyè sì ń ká a lọ́wọ́ kò. Ìbòrí kò pa rẹ́ ní Iléṣà. Ara ènìyàn ló bọ́ sí. Òpó rélùwéè rí bẹ́ẹ̀ náà: wáyà rẹ̀ wà níhòòhò, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ àti ife alámọ̀ ń bò ó.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti ibi tí ìbòrí ti wá. Igi gutta-percha kì í dá oje púpọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá kàn sá a, nítorí náà gígé ni wọ́n ń gé e lulẹ̀, àìmọye igi ló sì bá kébù òkun lọ. Ilẹ̀ Yorùbá jẹ nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí táyà kẹ̀kẹ́ àti wáyà iná mú kí ayé máa wá rọ́bà, igi ìré, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Funtumia elastica, di ohun tí wọ́n ń du nínú igbó Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Oǹdó àti Ìbàdàn. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Wọ́n sá igi jù, wọ́n sá a jìn, igi kú, òwò náà sì fà sẹ́yìn láàárín ọdún díẹ̀. Kò sí ètùtù nínú òwò yẹn. Agbẹ́gilére tó fẹ́ gé ìrókò a máa bọ ọ́ kó tó gbé àáké, nítorí ó gbà pé òun ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, ṣì wà nítorí irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀: èèwọ̀ ni gígé igi níbẹ̀, èèwọ̀ ni ọdẹ àti ẹja pípa.

Ìdáhùn ìbéèrè náà wá di méjì. Ìbòrí kì í dín agbára kù. Òun ló ń sọ agbára di ìránṣẹ́, ì báà jẹ́ oje igi lára bàbà, aṣọ lórí igbá, tàbí àwọn àgbà yí ọba ká. Ìkejì ni pé ìbòrí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun abẹ̀mí kan ló ń yọ ọ́ lára rẹ̀ fún ohun mìíràn, ìgbà tí ẹni tó gbà á bá sì san gbèsè rẹ̀ ni ìránṣẹ́ tó lè lọ kó bọ̀.